Àgbá Kẹta Lórí Omi Dáàmù

                                        Ojúlé Kejì, Àdúgbò Mọ́ṣáláṣí,
                                        Fìdítì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èbìbí, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Olúbọ̀dé,

Ara ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti ń ru búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn lọ́hùn-ún ńkọ́? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ṣé ẹni tó gbà ọ́ sílé kì í fi ojú àlejò wò ọ́? Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Kùdírátù ìyàwó mi kí ọ. Òjò ń rọ̀ déédéé, àgbàdo yín lọ́nà Ìmínì ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Mo rí Dorcas ìyàwó rẹ ní ọjà Ìlọràá lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ omi o, bàbá tíṣà.” Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀, síbẹ̀ n kò lè dúró. Mo ní mo ń kánjú. Irọ́ ni. N kò kánjú lọ síbì kankan.

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti pè ọ́ lórí fóònù láti sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ òjò la sọ. Nígbà kejì, o ṣàdúrà fún Habeebullah ọmọ mi pé yóò mọ omi bíi bàbá rẹ̀, ni mo bá pa fóònù, mo wá sọ fún ọ lọ́jọ́ kejì pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ẹnu mi ni kò gbé e. Mo ti ya lẹ́tà yìí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bírò kì í wo ojú ẹni bí ènìyàn ṣe ń wò ó, jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun wa ti oṣù Ẹrẹ́nà ni. Màá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kódà ibi tí o ti mọ̀, kí n má baà rí ọ̀nà sá lọ. O rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ wá láti apá Ìmínì, ó dákẹ́ pátápátá, ó tún yọ láti ẹ̀yìn òkè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọkọ̀ mẹ́jọ la jẹ́, èèyàn méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìgbòkun tapólì tí a fọwọ́ ara wa rán. Ká tó wọ omi, Bàbá Nehemiah, alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ wa, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, tún òfin wọn sọ. Àgbá pupa mẹ́ta ló léfòó lórí dáàmù, kí kálukú gba ẹ̀yìn wọn yí ká. Ọkọ̀ tó bá fara kan àgbá, kí ẹni tó ń tù ú fúnra rẹ̀ yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan kó tó máa lọ. Kò sí adájọ́ lójú omi. Wọ́n ní, “Ìwọ lo máa rí i, ìwọ náà lo máa san án.” Gbogbo wa la ní a gbọ́. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni ẹgbẹ́ yóò fi ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ títù tuntun, iṣẹ́ olóṣù, iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kéèyàn fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ wá oúnjẹ lọ.

Ìwọ lò ń ṣíwájú, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ní àgbá kejì ni afẹ́fẹ́ kú mọ́ ọ lọ́wọ́, tí ìdí ọkọ̀ rẹ sì fara kan àgbá. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ gan-an kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé o ṣàdédé ń yí ọkọ̀ po. Mo rò pé orí rẹ ti dàrú ni. Ṣàràfá, àbúrò Kùdírátù, tó ń bá mi di okùn ìgbòkun mú, bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀rẹ́ yín ti ń jó o, Bùrọ̀dá! Ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ!” A kọjá lára rẹ. O tilẹ̀ juwọ́ sí mi.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àgbá kẹta ká tán nígbà tí òjò ṣú. Afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, igi tó na ìgbòkun fò kọjá lórí wa, mo fa ìtọ́kọ̀ tí a fi ń darí ọkọ̀, ó ti pẹ́ jù. Mo gbọ́ ọ, Olúbọ̀dé. Kì í ṣe pé mo fura. Gbọ̀ùn! Ọ̀dà pupa àgbá náà fá sára pákó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo wẹ̀yìn. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa, ṣùgbọ́n ìgbòkun rẹ bo ìwọ àti ẹnì kejì rẹ lójú. Mo ti fẹ́ yí ọkọ̀ po kí Ṣàràfá tó pariwo, “Ẹ má dán an wò! Ta ló rí wa?” Mo ní àwa rí ara wa. Ó ní, “Èmi ò rí nǹkan kan o. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Mo dorí ọkọ̀ kọ èbúté. N kò sì yí i. Bí mo ṣe gba ipò kìíní nìyẹn.

Má bínú sí Ṣàràfá. Ìtọ́kọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ èmi ló wà, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí a gúnlẹ̀, omi ń kán lára rẹ, o gbá mi mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, o ní, “Ṣàmsú, o mọ omi jù mí lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé sùn, òun ni mo ń gbé jí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí o fi di ẹrù rẹ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹni tó su ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo su ni n kò lè gbàgbé, ìwọ tí ò ń kó o kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìgbẹ́ ni.

Ká sòótọ́, ojo ni mí, ǹ bá má tíì sọ ọ́ bí kì í bá ṣe Hamidah. Tíṣà kan ni, láti Awẹ́ ló ti ń wá kọ́ ọkọ̀ títù lọ́dọ̀ mi. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń ka òfin fún wọn, mo dé ibi ọ̀rọ̀ àgbá, ó nawọ́ sókè: “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti fara kàn án rí?” Ẹnì kan gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ọ̀gá kẹ̀? Àgbá ló máa ń yẹra fún wọn!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ní ojú ọjọ́ kò dára, kí wọ́n máa lọ sílé. Oòrùn ń ràn yòò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Bàbá Nehemiah, mo rò ó fún wọn bí mo ṣe rò ó fún ọ yìí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ṣàràfá. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, ó sì ń wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó wà níbẹ̀ ní ta ni yóò tún lọ tú ìdíje tó ti tán, kí n lọ sinmi. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Kùdírátù ní, “Baba Habeebullah, ṣé ẹ̀rí ọkàn la ó máa sè jẹ?”

Bàbá Nehemiah kò bá mi wíjọ́. Wọ́n kàn ní, “O pẹ́, Ṣàmsú,” wọ́n sì nawọ́. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ pè ọ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ mi wá. Wọ́n ní títí di ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ni àwọn yóò fi iṣẹ́ náà dúró dè ọ́. Bí o kò bá yọjú, ẹni tó ṣe ipò kẹta ni yóò gbà á.

N kò mọ̀ bóyá nítorí rẹ ni mo ṣe kọ èyí tàbí kí èmi lè rí oorun sùn. Ó lè jẹ́ pé olè kejì ni mo tún wá jà, pé mo fẹ́ jí ìdáríjì mọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o kò bá ní in láti fún mi, má fún mi. Ṣùgbọ́n wá gba iṣẹ́ rẹ.

Bá mi kí onílé rẹ. Lọ́la ni màá lọ sí Ìlọràá lọ sọ fún Dorcas àti Ẹ̀bùnolúwa ọmọ rẹ, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí o bá dé, tí o sì gba iwájú ilé mi kọjá láìkí mi, n kò ní pè ọ́ padà. Màá mọ̀ pé lẹ́tà mi dé ọ lọ́wọ́.

                                        Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
                                        Ṣàmsúdéènì.