Ọmú Habeebat Kì Í Ṣe Kànga

Ismaheel ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé o ń jẹun, ṣé ara rẹ dá, ṣé ọ̀gá rẹ kò ni ọ́ lára? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbi tí o ń gbé e sí. Tiwa náà dára, a wà láàyè, ọmọ náà wà láàyè, torí náà jókòó kí o tó ka èyí, má kà á lórí ìdúró. Limota tó ń ránṣọ níwájú ilé wa l'Ọ̀kà ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí, ìdí tí mo fi ní kí á kọ ọ́ nìyẹn. Limota ní òun á ya fọ́tò ìwé yìí, á gba inú fóònù dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó mu omi tán. Mo ní kó ká a dáadáa, kó má baà rún lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ ọmú ìyàwó rẹ ni. O mọ̀ pé oṣù ọmọ yìí kò pé tó fi já wá. Nígbà tí mo rí i nínú àpótí gíláàsì ní ọsibítù Ìkàrẹ́, tí iná ń tàn sí i lára, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ yan án ni. Nọ́ọ̀sì Olúrántí tó ń tọ́jú wọn ní ooru inú ìyá rẹ̀ ni àwọn ń fi iná náà rọ́pò. Ẹnu rẹ̀ kò lágbára láti mu ọmú nígbà náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gba imú rẹ̀ kì bọ inú. Habeebat ni yóò fún ọmú sínú ife, wọn yóò wá máa rọ ọ́ sínú rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ á fún un títí òógùn á fi bò ó, ohun tó ń jáde kò ní bo ìsàlẹ̀ ife. Ìyá Adégbóyèga tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tirẹ̀ ń ya bí òjò, ó sì ń fi wá rẹ́rìn-ín pé òun lè bọ́ gbogbo ọmọ wọ́ọ̀dù. Mo ní kó bọ́ tirẹ̀ yó ná.

Mo wá lo ọgbọ́n tèmi. Ìwọ náà mọ bí omi ṣe rí l'Ọ̀kà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí àpáta la wà. Bí kànga bá ti ń gbẹ, a kì í fà á léraléra, a ó dé e, a ó fi í sílẹ̀ kí omi lè sun jọ. Mo ní kí Habeebat ṣe ọmú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má fún un láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó gbọ́ tèmi, ọmọ dáadáa ni. Mo gbé iyán iṣu Ṣúpárè wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó jẹ, ó mu. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí a ní ká fa kànga, ńṣe ló kán tó, tó, ó dákẹ́. Ismaheel, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ náà ti fúyẹ́ sí i lórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n bíi ti àwọn tó ń ta ẹja dídì, mo sì ti ń ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, kó má baà fi ìka ti í.

Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó ní kó má fún ọmú. Mo ní èmi ni. Kò bú mi, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Ó ní Màmá, ọmú kì í ṣe kànga, èyí tí a bá ń fà ló ń sun, èyí tí a bá fi sílẹ̀, á rò pé ọmọ ti kọ òun, á gbẹ. Ó ní ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru, bó jáde bí kò jáde, kó máa fún un. Ó ní oúnjẹ mi dára, kí n máa gbé e wá, ṣùgbọ́n iyán kò lè bá a fún ọmú.

Nígbà tí wọ́n yọ ọmọ kúrò nínú àpótí, ó tún ní kí Habeebat bọ́ aṣọ, kó gbé e sáàárín ọmú méjèèjì, ara kan ara, ká fi ọ̀já dè é. Níwájú! Mo ní ẹ̀yìn la ti ń pọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ewúrẹ́ tó fẹ́ sá là ń gbá mọ́ àyà. Ó ní ẹ̀yìn kò ní ọmú, Màmá. Mo bá lọ mú ọ̀já wá.

Ara kan ara yẹn ló ṣe é. Ọmọ ń fi ẹnu wá ọmú, ọmú ìyá rẹ̀ sì ń gbọ́. Ife tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bò ti ń dé ìdajì. Kò tíì kún o, n kò ní parọ́ fún ọ. Bí ìyàwó rẹ bá fẹ́ sùn, èmi ni wọ́n ń dè é mọ́ láyà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ aṣọ, bàbá kan tó wá kí èèyàn rẹ̀ rí ikùn mi, ó pariwo lá ìláhà, ó dìde fún mi kí n jókòó, ó ní Ọlọ́run á sọ̀ mí kalẹ̀ láyọ̀. Mo ṣe àmín, a kì í kọ àdúrà. Ọmọ rẹ náà wá ọmú mi káàkiri. Mo ní ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù yìí ti tì, bàbá rẹ ló rajà kẹ́yìn níbẹ̀.

Lánàá ni wọ́n gbé e sí ọmú ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbá a mú, ó fà, ó sinmi, ó tún fà, ó sùn lọ. Habeebat ń sunkún, mo ní kó dákẹ́, kó má baà da omi sí ọmọ lójú.

Ìwọ ló kù tó ń yọ wá lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí o bá pe ìyàwó rẹ, ó ti tó mélòó lo máa ń bi í. Ṣé epo ló ń tà ni? Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, ọmú á sé. Bí o bá pè, bi í ohun tó jẹ, sọ fún un pé o ṣe é. Wàrà àgolo tí o ní ká rà ńkọ́, nọ́ọ̀sì ní bó bá di dandan, dókítà yóò sọ, ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀ ló dára jù fún inú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èmi náà ní màlúù kò bá wa rọbí.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí. Owó ẹja ti tán, owó ọ̀kadà láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ náà ti tán. Fi í ránṣẹ́ sí Limota, má fi sínú ẹ̀rọ ara ògiri báńkì, ó gbé káàdì mi mì níjọ́sí, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn. Ra fóònù fún ìyàwó rẹ. Nígbà tí ọmọ wà nínú àpótí, nọ́ọ̀sì ní kó máa wo fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù bó bá ń fún ọmú, mo sì fojú ara mi rí i pé omi náà ń yá sí i. Fóònù ló ń fà á. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ sì ti fọ́, mélòó ni irú rẹ̀ lè fà? Ra èyí tó fẹ̀ bíi wàláà ọmọ kéú.

Lẹ́yìn náà, ìwọ fúnra rẹ, wá. Nọ́ọ̀sì ní àyà bàbá náà ń ṣiṣẹ́. Bí o bá de ọmọ mọ́ra, ìyàwó rẹ á sùn, bó bá sùn, ọmú á sun. Wẹ̀ kí o tó wọlé, má fi lọ́fínńdà para, jẹ́ kí ọmọ mọ òórùn rẹ gan-an.

Ọlọ́run á mú ọ dé láìfarapa. Á dá ọ sí títí o ó fi dàgbà tán, tí ọmọ yìí á máa fi owó ẹja ránṣẹ́ sí ìwọ náà, tí kò sì ní bi ọ́ pé kí lo fi ti ìjẹta ṣe.

Èmi ni, Àsàmáù ìyá rẹ.