Ohùn Ìyá Mi Láìsí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì.

Aránṣọ ni ìyá mi kí wọ́n tó kú. Téèpù kan ṣoṣo ni bàbá mi fi gba ohùn wọn sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Rédíò àtijọ́ la fi ń gbọ́ ọ nílé, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Àfi ìgbà tí mo ra ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tuntun tí wọ́n ń fi bo etí, ló wá jẹ́ pé àléébù orin náà nìkan ni mò ń gbọ́. Bí mo ṣe dà á sórí kọ̀ǹpútà tán báyìí, téèpù já. Síbẹ̀ mo yọ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ náà kúrò pátápátá, mo sì pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ariwo náà wà nínú rẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Mo gbé e sí bàbá mi létí lórí fóònù. Wọ́n ní:

“Ohùn ìyá ẹ nìyí lóòótọ́. Ibo ló wá jókòó sí?”

Mo ní mo ti yọ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀yin alákọ̀wé ti tún un ṣe. Tó o bá ń bọ̀ nílé, bá mi mú téèpù mi dání.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí a ó gba ìsinmi. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n mú dání lọ bá wọn?

Èmi, ọmọ aránṣọ.