Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé onílé yín kò yọ yín lẹ́nu mọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Tí o bá ń bèèrè wa, a wà láàyè, òrùlé ìsọ̀ mi ṣì ń jò bí o ṣe fi í sílẹ̀. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ọsibítù ni àbúrò rẹ wà. Èmi ni mo fà á.

O rántí oògùn wárápá tuntun tí dókítà kọ fún un, tí o rà tí o sì fi ránṣẹ́. Páálí rẹ̀ le, mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń gé fọ́míkà là á, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ gé ìwé inú rẹ̀ sí méjì. Apá òkè kéré, kò jọ mí lójú. Ẹsẹ̀ kan lára tábìlì iṣẹ́ mi ti ń mì tipẹ́, mo ká ìwé náà, mo kì í bọ abẹ́ rẹ̀, tábìlì sì dúró digbí. Mo ní àwọn olóògùn yìí mà ro ti gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́ ọn.

Apá kejì ni mo gbé fún ìyá télọ̀ iwájú ilé wa kó kà fún mi, torí ó gbọ́ òyìnbó. Ó kà á: oorun kíkùn, òòyì, èébì, ara sísú, egbò ẹnu, kí ẹyinjú máa pọ́n rúsúrúsú, kí ènìyàn máa ronú àtipa ara rẹ̀. Mo ní háà, oògùn kan ṣoṣo ló ń wo gbogbo èyí sàn! Ìyá télọ̀ tọrọ ẹyọ kan fún òòyì tó ń kọ́ ọ, mo fún un, ó sùn lórí máṣìn títí oníbàárà fi wá jí i.

Nígbà tí ara àbúrò rẹ sú, mo yọ̀. Mo ní ara sísú wà nínú ìwé, oògùn ti mọ̀ ọ́n, ká kàn bù kún un ni. Dípò ẹyọ kan, mo ń fún un ní méjì. O ní kí n fi fóònù ya ara rẹ̀ ránṣẹ́, mo gbé fóònù sétí bí mo ti máa ń ṣe, mo kọjú sí i dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́. O ní etí ni o rí. Mo rò pé àwàdà lò ń ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin ibà gbé e dè, ẹnu rẹ̀ bó, kò lè gbé omi mì. Ẹ̀rù bà mí, mo da gbogbo oògùn náà nù. Ní ọjọ́ kejì, wárápá gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ìkẹta kò sì fẹ́ tán. Mo pọ̀n ọ́n dé ọsibítù bí ọmọ ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì kò bú mi, ìbá sàn kó bú mi. Ó ní oorun àti òòyì díẹ̀ lè wá níbẹ̀rẹ̀, ká sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n ara sísú, ojú pípọ́n àti ìrònú àtikú kì í dúró de ilẹ̀ mọ́. Ó ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ sú ló yẹ kí n ti sáré wá, kí n má bù kún un, kí n má sì dá a dúró lójijì fúnra mi. Ó ní ṣé wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé ni. Mo lọ sílé, mo gbé tábìlì sókè, mo yọ apá òkè ìwé náà, ìyá télọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: àwọn ohun tí oògùn yìí lè fà, àti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ tètè rí dókítà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fá pákó lórí rẹ̀.

Àbúrò rẹ kò tíì lajú. Wọ́n ní ká ṣì máa wò ó. Ọkàn mi ti bàjẹ́, ọmọ mi, n kò mọ ohun tí mo lè fi tún un ṣe.

Owó oògùn mìíràn tí wọ́n kọ ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, ṣùgbọ́n má fi í gba báńkì, ẹ̀rọ ara ògiri wọn, mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, ó gbé káàdì mi mì. Mú un wá fúnra rẹ, kí o ka ìwé inú oògùn tuntun náà fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò ní fi ọ̀bẹ kan páálí náà títí o ó fi dé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ ṣe ọmọ rẹ báyìí láéláé. Yóò dá àbúrò rẹ sí fún wa.

Èmi ni bàbá yín, gbẹ́nàgbẹ́nà.

Tí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi wọ́, n kò dá ìwé náà padà sábẹ́ tábìlì, tábìlì ló ń mì. Irọ́ ni mo pa. Etí bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ ni mo ti ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀dì náà kò sì mì rárá.