Ọwọ́ Òsì Bàbá

Àtìní, 6 October

Bàbá tún fi ọwọ́ òsì lé Mummy. Mummy gbé tíì wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Alhaji mi, ẹ káàárọ̀." Bàbá kò wojú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn kàn gbéra láti àyà, ó jù ú síta — wọ̀ọ́ — bí ẹni ń lé adìyẹ. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mummy gbé tíì jáde. A ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ ní kíṣìnnì.

Stroke ló mú ọwọ́ ọ̀tún lọ, ó mú ẹnu lọ. Òsì nìkan ló kù. Mummy mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó bá na ọwọ́ òsì sí ọ, ó bú ọ ni.

Àlàrùbá, 8 October

Gómìnà wá. (Ẹ̀gbọ́n mi Nasir. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Nunhead, àdúgbò tó ń gbé ní London níbí, ló ti wá, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́: Mummy á kó wá sílé òun ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá á lọ sí care home, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Ó ti bá social worker sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ó ti bá Mummy sọ̀rọ̀.

"Yusrah, look at her. Ṣé o ò rí i bó ṣe rù ni? Daddy ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́."

Mummy wà nídìí sink, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Jímọ̀, 10 October

Mummy ti gbé àpò ìrìnàjò rẹ̀ ńlá sọ̀kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù.

Àtìní, 13 October

Ibi iṣẹ́. Fídíò àwọn ìnàkí láti inú igbó Uganda — chimpanzee. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò wọ́n, kí n máa kọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ fún ara wọn. Lónìí, Ìyá Onísùúrù ni (èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ). Ó fẹ́ kí ọmọ gun ẹ̀yìn òun kí wọ́n máa lọ. Ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ hàn án. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó dúró. Ọmọ ń ṣeré. Ó tún na ẹsẹ̀. Ó na apá mọ́ ọn. Ọmọ gùn ún — ó gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀, ó di ìrìn.

A kì í wo ohun tí ọwọ́ yẹn jọ lójú tiwa. Ohun tó bá mú kí ìnàkí dáwọ́ dúró là ń ṣọ́. Ohun yẹn ló ń tọrọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, ní ibùdókọ̀ Elephant, ó sọ sí mi lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni Bàbá ń lé Mummy, bí Mummy bá ti jáde, ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣé ó ń dúró? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Mummy ni gbogbo wa máa ń sáré tẹ̀ lé.

Àtàláátà, 14 October

Mo dúró sínú yàrá. Mummy jáde.

Ọwọ́ kò dúró. Ó le sí i. Ó ń gbá ògiri, ó ń kérora, ó ń dẹtí sí ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe lílé. Kí wá ni?

Àlàmísì, 16 October

Mo gbé omi fún Bàbá — rárá. Mo pa tẹlifíṣọ̀n — rárá. Mo gbé tẹ̀sùbáà lé e lọ́wọ́, ó jù ú nù. Mo ṣí wíńdò. Mo ti wíńdò. Mummy wò mí títí, ó ní, "Yusrah, má fi bàbá ẹ ṣe ìnàkí."

Ọ̀túnla ni Sátidé. Gómìnà ti tún yàrá Mummy ṣe nílé rẹ̀.

Sátidé, 18 October



Mo fún Bàbá ní ìrẹsì. Ó jẹ ìdajì, ó fi ẹran sílẹ̀. Bàbá! Ẹran! Apá ọ̀tún abọ́ ni ẹran wà. Mo yí abọ́ po, ẹran bọ́ sí òsì. Kíá ló mú un.

Kò rí ọ̀tún rárá, stroke ti mú ìyẹn náà lọ. Ọ̀tún sì ni àga Mummy, torí pé ògiri ló wà lósì. Láti ọjọ́ yìí, ohùn ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́, kò rí i.

Gómìnà fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀. Ó gòkè wá. Mummy ti wọ kóòtù, ó ti wé híjáàbù, ó wá dúró nídìí àga láti dágbére. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ̀ọ́. Wọ̀ọ́.

"Brother, ẹ bá mi fa bẹ́ẹ̀dì yìí kúrò lára ògiri."

"Are you mad? Orí double yellow ni mọ́tò mi wà, wọn ò gbà ká páàkì síbẹ̀!"

Mo ti ń fà á. Ó pòṣé, ó dì í mú, a jọ fà á.

"Mummy, ẹ wá síbí."

"Kí n lọ há sára ògiri?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mummy."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, kóòtù ń ha ògiri. Bàbá yíjú. Ó rí i. Ọwọ́ yẹn sọ̀kalẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ Mummy mú, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Omi ń dà lójú Bàbá.

"Alhaji," Mummy ní, "ṣé ibí lẹ ti ń pè mí sí?"

Mummy kò bojú wẹ̀yìn.

"Nasir, lọ gbé mọ́tò ẹ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn."

Ó lọ. Ó ré àpò Mummy kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé e.