Àga Ìsinmi Nínú Oko Ìrẹsì

Ìgbẹmọ-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, 1978.

Olúyẹ́misí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Bí o bá béèrè wa, a dúpẹ́, a ò ṣàìsàn, a ò sunkún, ewúrẹ́ ìyá rẹ tún bí méjì, ọ̀kan funfun láti orí dé ìrù. Ọlọ́run tí à ń ké pè lórí òkè àdúrà kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Gbogbo ìjọ ń kí ọ, wòlíì ní kí o má gbàgbé ààwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ń kọ lẹ́tà yìí lẹ́yìn ìsìn, nítorí n kì í kọ lẹ́tà lákòókò iṣẹ́, o ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní Adó, tí mo ń gbé yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, tí mo ń wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mo sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ìyá rẹ ń dá oko ìrẹsì ṣe bí ẹni tí kò lọ́kọ. Mo wá sọ fún un ní ọdún Àjíǹde pé ó tó gẹ́ẹ́, mo ń bọ̀ wá bá a ṣe é. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí.

Akọ̀wé àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́, ló bá mi kọ nótíìsì náà. Ó ní òfin ni pé ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́ta sọ fún ìjọba. Ẹnu yà mí, nítorí nílé wa, bí àlejò bá fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dágbére, bó bá pọ̀ tán kó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, bí mo bá ti dé lówùúrọ̀, mo máa ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo máa ń ṣí fìlà, mo máa ń ní mo ń lọ o, ó dìgbà, kí Ọlọ́run jẹ́ ká ríra, lẹ́yìn náà n ó lọ po tíì fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Morẹ́nikẹ́ tó ń tẹ ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní Bàbá, ẹ ẹ̀ ṣe kúkú máa lọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ ní òun ò rí irú ìdágbére báyìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó pé, wọ́n fún mi ní àga ìrọ̀gbọ̀kú kan, aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ dìde, ó ní ìjọba yóò máa sanwó fún mi lóṣooṣù kí n lè sinmi, kí n má ṣiṣẹ́ mọ́, orí àga yìí ni kí n máa wà. Gbogbo wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi, owó ìjọba kì í ṣe ohun eré. Bàdírù tí a jọ jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń rán fìlà onífìlà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e lọ. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá ń sanwó ìsinmi fún mi, tí wọ́n wá ká mi mọ́ ìdí ọkọ́, kí ni mo fẹ́ wí?

Nítorí náà mo ń sinmi bó ti yẹ. Aago méje ààbọ̀ ni mo ń jókòó síwájú ilé, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ń dìde, n kò sì pẹ́ dé lọ́jọ́ kan. Bí ìyá rẹ bá ní kí n gbé agbọ̀n ru òun, mo máa ń ní kó pe aládùúgbò. Ó ní ṣé uṣẹ́ ni ìjókòó ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá parí, mo máa ń sáré lọ sóko, ṣùgbọ́n ó jìnnà, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á ti jẹ ìrẹsì yó, wọ́n á ti fẹ́ lọ sùn. Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni ibi tí wọ́n ń fi ìwé tí èèyàn máa fọwọ́ sí láàárọ̀ sí. Bá mi wádìí rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ ìjọba kan já wọ̀lú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń já ewé fún ewúrẹ́ lọ́wọ́. Mo ju ewé sílẹ̀, mo sáré padà sórí àga, mo dijú. Àwọn méjì sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ẹ kú ìsinmi o, Bàbá, wọ́n béèrè ọ̀nà oko ìrẹsì, wọ́n lọ. Ọkàn mi balẹ̀ pé wọ́n ti rí mi lẹ́nu iṣẹ́.

Àárín ìgbà náà ni ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá kí i pé ó kú oko, kò ní dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́, kò fọhùn, ó kàn ń nawọ́ sí ọ̀fun rẹ̀. Mo ní ó ti tán, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ mi ti sú òun dé ọ̀fun nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò lè jẹun dáadáa.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí ìjọba fi ṣe họlidé òmìnira, èmi náà gba họlidé nínú ìsinmi mi, mo bá a lọ sóko láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tójú mi ò rí rí. Àwọn ẹ̀gà bo oko bí òjò, ìyá rẹ ń sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń mi okùn tí a so agolo mọ́, ó ya ẹnu láti kígbe, ohùn kò jáde. Àṣé kò bínú sí mi. Ó ti kígbe mọ́ ẹyẹ títí ohùn rẹ̀ fi há, èmi sì jókòó sílé. Olúyẹ́misí, ojú tì mí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wálé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ru àga mi lọ sí oko. Aago méje ààbọ̀, mo gbé e sí àárín ìrẹsì, mo sinmi sórí rẹ̀, mo sì ń kígbe. N kò fọwọ́ kan ọkọ́, n kò fọwọ́ kan àdá, ẹnu mi nìkan ló ń lọ sókè sódò. Kò sí ẹyẹ tó bà. Lọ́sàn-án, ìyá rẹ sun iṣu, a jọ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́tàlélógún tí èmi àti òun jọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Bá mi bi ọ̀gá rẹ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba léèrè, ṣé igbe jẹ́ iṣẹ́ lójú ìjọba? Bó bá jẹ́ iṣẹ́, kí wọ́n sọ, n ó kọ nótíìsì oṣù mẹ́ta fún ìsinmi náà. Kó tó pé, a ó ti kórè tán.

Jọ̀wọ́, fi owó agbòjò ńlá kan ránṣẹ́, oòrùn oko kò mọ ẹni tó ń sinmi. Kí o sì fi owó àga kejì kún un. Mo ní kí ìyá rẹ jókòó sórí tèmi, ó kọ̀, ó ní ìjọba kò fún òun. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Òun náà ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ nótíìsì sí? Bí àga náà bá dé, n ó dìde láàárín ìrẹsì, n ó sọ gbogbo ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ sọ fún mi, n ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ìwọ náà pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Kí aṣọ àga náà jẹ́ pupa, àwọ̀ yẹn ló fẹ́ràn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọ̀nà rẹ kò ní dí, àwọn ọmọ rẹ yóò gbé àga fún ọ kí ẹsẹ̀ rẹ tó ro ọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ilésanmí Ọmọ́ṣẹ̀yìndé.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀. Lánàá, ó bú mi lẹ́ẹ̀mejì.