Ọjọ́ Tí Brandvold Ka Orúkọ Rẹ

Torvik, Minnesota,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà.

Britta ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ilé yín tó jìnnà sí wa ní Oregon. Mo nírètí pé orí rẹ fúyẹ́ lásìkò yìí, pé ìkùukùu ibẹ̀ ṣì ń bá ọ bo oòrùn tó máa ń ta ojú rẹ. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Yìnyín orí adágún wa kò tíì yọ́, ajá wa sì tún ti fa tìmùtìmù tuntun ya. Bí o bá ń béèrè àlàáfíà ilé, òun nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé bí mo bá pè ọ́, o máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. O ti sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ lọ. Mo lọ. Ìyá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, ó ní, “Orrin, jọ̀ọ́, má lọ dójú tì wá ní Duluth o.” Mo ní, “Ṣé kí èèyàn lọ wo eré họ́kì orí yìnyín ló wá di ìdójútì?” Ó ní, “Họ́kì kọ́ lo fẹ́ lọ wò.” Òótọ́ ló sọ. Ojú Curt Brandvold ni mo fẹ́ lọ wò nígbà tí wọ́n bá ń na ẹgbẹ́ rẹ̀.

O ti gbàgbé àwọn nǹkan kan láti ìgbà tí o ti ṣubú, ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé ọ̀kan. Mo rántí pé wọ́n kọ́kọ́ gbá orí rẹ mọ́ ògiri pápá, pé dókítà ẹgbẹ́ ní kí o jókòó, tí Brandvold tó jẹ́ kóòṣì yín sì ní, “Kò sí nǹkan tó ṣe é, ẹ̀rù ló ń bà á.” Ó rán ọ padà sórí yìnyín. Nígbà tí wọ́n kọlù ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o kò dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé ṣe ni o fi ìrora rẹ pamọ́ fún òun, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Stenbrook sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ padà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n na Stenbrook, ṣe ni mo máa ń gbé áísìkirímù lọ jẹ lẹ́yìnkùlé, ì báà jẹ́ nínú òtútù tó ń gé etí. Ìyá rẹ rò pé mo kàn fẹ́ràn áísìkirímù ni.

Dewey Lahti ló wa mọ́tò. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí fèrè ọkọ̀ ojú irin. Eré méjì ló wà nínú ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ kò kàn wá rárá, mítípáì tí ìyá rẹ dì fún wa là ń jẹ ní tiwa, síbẹ̀ Lahti rí ààyè bá rẹfirí jà. “Rẹfirí, ṣé ìyàwó ẹ ló gbé awò ojú ẹ lọ sọ́jà ni?” Àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà níwájú wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi da kokó gbígbóná sára.

Eré kejì ló gbé mi wá: Stenbrook àti Pike Narrows. Mo ti wá ìjókòó sí ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì Stenbrook gan-an, gíláàsì nìkan ló wà láàárín èmi àti ẹ̀yìn ọrùn Brandvold. Mo wọ jẹ́sì rẹ, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lé ẹ̀wù òtútù mi. Ó fún mọ́ mi níkùn, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́. Obìnrin kan láti Wisconsin jókòó tì mí, Doreen Pelkey lorúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Maren ló ń wọ nọ́ńbà mẹ́rìnlá fún Stenbrook. Ó rí jẹ́sì mi, ó rò pé ara wọn ni mí, ó sì na gúgúrú rẹ̀ sí mi. Mo ní ọmọ mi gbá fún wọn rí. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń jẹ gúgúrú rẹ̀, mo sì ń gbàdúrà kí ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi.

Àdúrà náà kò kọ́kọ́ gbà. Stenbrook gbá góòlù méjì wọlé kíákíá. Mo pariwo pé, “Brandvold! Ṣé ò ń rí oorun sùn?” Kò wẹ̀yìn. Ó ń jẹ ṣìngọ́ọ̀mù bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Nígbà tó yá, Pike Narrows dá ọ̀kan padà, wọ́n tún dá èkejì padà, Lahti sì gbá mi mọ́ra débi pé egungun mi dún.

Ìgbà náà ni wọ́n kọlu Maren. Orí ló fi gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ bo ẹnu, nígbà tí ọmọ náà sì nàró, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ti dìde. Ó ti dìde.” Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì Pike Narrows ni ọmọ náà kọrí sí, Britta. Ó fẹ́ lọ jókòó sáàárín àwọn tó ń bá jà. Ọ̀kan nínú wọn ló rọra yí i padà. Olùtọ́jú ẹgbẹ́ Stenbrook, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ fìlà pupa, na ìka síwájú ojú rẹ̀, ó wá mi orí sí Brandvold pé rárá. Brandvold fọwọ́ lé e dànù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. “Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á.”

Ọ̀rọ̀ kan náà. Kò tilẹ̀ yí i padà.

Nígbà tó di ìdá kẹta tó kẹ́yìn eré, mo rí Brandvold tó fọwọ́ kan èjìká Maren pé kó padà sórí yìnyín. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀, mo ní, “Màdáámù, ẹ má bínú, ọpọlọ ọmọ yín ti mì. Bó ṣe ṣe ọmọ tèmi gan-an nìyẹn. Títí di òní, tèmi kò lè wo iná fìrí.” Ó wo ojú mi, ó wo jẹ́sì ara mi, gúgúrú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì lu gíláàsì: “Mú ọmọ mi jáde! Brandvold, mú ọmọ mi jáde!” Mo gbè é. Lahti gbè é, o sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn òǹwòran Pike Narrows lódìkejì rò pé yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n gbà á lẹ́nu wa, “Mú un jáde! Mú un jáde!” Kò pẹ́ tí àwọn òǹwòran Stenbrook fúnra wọn fi rí ọmọ náà bó ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí yìnyín, àwọn náà dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn náà ló ń pa á pọ̀. Kápúténì Stenbrook ju igi họ́kì rẹ̀ sílẹ̀, ó di Maren lápá mú, ó sì mú un jáde láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rẹfirí fọn fèrè.

Ojú Brandvold pọ́n bí iná. Ó wá mi rí wàyí. Ó sún mọ́ gíláàsì, ó ní, “Ìwọ bàbá yìí, ta ni ẹ́ gan-an?”

Mo ní, “Èmi ni bàbá Britta.”

Ó ní, “Britta wo?”

Ọmọ mi, kò díbọ́n. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò rántí ọ lóòótọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé orúkọ rẹ ń jí òun náà lójú oorun, orúkọ náà kò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀. Mo kẹ́yìn sí i, mo fi àtàǹpàkò tọ́ka sí orúkọ tó wà lẹ́yìn jẹ́sì náà, mo ní, “Kà á! Kà á sókè!” N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Lahti ló sọ fún mi pé ó kà á, pé ètè rẹ̀ mì, “Tveit,” àti pé ó gbàgbé ṣìngọ́ọ̀mù sẹ́nu láìjẹ ẹ́ mọ́.

Wọ́n na Stenbrook mẹ́ta sí méjì. Àánú àwọn ọmọbìnrin tó ń sunkún ṣe mí. Àánú Brandvold kò ṣe mí. Mo jó, mo fi ìka nà án bó ṣe ń tẹ orí wọlé, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi débi tí ó yẹ kí ojú tì mí, ojú kò sì tì mí.

Lẹ́yìn eré, a lọ bá Doreen ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Maren lọ. Olùtọ́jú onífìlà pupa náà wá síbẹ̀, ó ní òun yóò sọ ohun tí òun sọ fún kóòṣì, níwájú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣètò ìdíje ti ń ṣe ìwádìí. Doreen bẹ̀ mí pé kí n sọ tìrẹ kún un. N kò sọ ọ́. Ẹnu rẹ ló ni ín. Bí o bá fẹ́ sọ ọ́, èmi yóò wakọ̀ dé Oregon wá gbé ọ. Bí o kò bá fẹ́, n kò ní tún dárúkọ ọkùnrin náà sí ọ létí. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé inú tèmi kò tíì rọ̀ sí i, kò sì ní rọ̀.

Kí oorun rẹ máa dùn. Kí ìmọ́lẹ̀ má ṣe ọ́ ní ibi. Kí Ọlọ́run dá gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn já gbà lọ́wọ́ rẹ padà fún ọ, kó sì jẹ́ kó ṣojú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í gbọ́ràn,
Orrin Tveit.

Ohun tí mo gbàgbé: Doreen ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Maren jí láàárọ̀ yìí, ó béèrè ẹni tó borí. Ìyá rẹ̀ sọ fún un. Ó ní, “Brandvold ńkọ́?” Ìyá rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ní kó lọ jókòó sílé. Doreen ní ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí orí fi dùn ún, nọ́ọ̀sì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.