Ẹsẹ Tí Màmá Fi Sílẹ̀ fún Yín

Bàbá Testimony,

Mo ti ń mú Màmá lọ sí ọsíbítù ní Ìgàndó fún iṣẹ́ abẹ ojú wọn. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má jí yín, pé iṣẹ́ alẹ́ ti rẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ǹ bá ti jí yín.

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Ẹ bá mi mú Testimony dé ilé ìwé.

Nígbà tá a jókòó ṣàdúrà láàárọ̀ yìí, Màmá bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 121. Ojú wọn ò rí ìwé mọ́, àkọ́sórí ni. Wọ́n ka ẹsẹ kìíní, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n bọ́ sí ìkẹta. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ni, mo fẹ́ bá wọn ka èyí tí wọ́n fò. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Fi sílẹ̀, ìyàwó mi. Ti Fẹ́kọ́mi ọmọ mi nìyẹn. Láti kékeré rẹ̀, èmi ẹsẹ kan, òun ẹsẹ kan."

Látìgbà tí Bàbá ti kú tí ẹ ò ti bá wa ṣàdúrà mọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ làwọn ń dákẹ́ dè yín nínú yàrá àwọn. Wọn ò bínú rárá. Iṣẹ́ abẹ gan-an ò bà wọ́n lẹ́rù. Èmi tójú mi là kedere ni mò ń gbọ̀n. Irú ìgbàgbọ́ wo rèé, jàre?

Ẹsẹ tó kẹ́yìn, ti àlọ àti àbọ̀, tiyín ni. Wọn ò kà á. Wọ́n ní ẹ máa wá kà á kí wọ́n tó gbé àwọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ tètè máa bọ̀.